Nígbà Wo Ni Àrùn Di Onílé? Ọ̀rọ̀ Eégbọn àti Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí a lọ yẹ ìwé owó wò ní Abereke, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé. Ẹgbẹ́ fẹ́ yá àwọn kan lówó kí wọ́n fi sin ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá kan dìde, wọ́n ní kí a má dán an wò: eégbọn pọ̀ lára ajá ìlú, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta sì kú lọ́dún tó kọjá, àrùn eégbọn ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé fèsì pé, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí ìwé ìjọba kan tó sọ bẹ́ẹ̀." Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló yára jù.

Àrùn tí à ń sọ ni ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ inú ọgbà tán, kò sì ní oògùn. Láti Kenya ni Montgomery ti kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1921. Lọ́hùn-ún, ara ìmàdò ni ó ń gbé láìpa á, eégbọn inú ihò ìmàdò a sì máa gbé e kiri. Eégbọn yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń já kúrò létí ajá o. Awọ rẹ̀ rọ̀, inú ihò àti pàlàpálá ògiri ló ń sá sí, òru ló sì ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, eégbọn ajá kò jẹ́rìí ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo wá ni àwọn dókítà ẹran ṣe ń mọ̀ pé àrùn ti di onílé? Wọn kì í ka òkú ẹran nìkan. Wọ́n ń wò ó bóyá àrùn ń padà yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún mú un wọlé láti ibòmíràn. Ó wọ Ivory Coast ní 1996, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ agbègbè tó ti wọlé, a kò sì tún gbúròó rẹ̀ níbẹ̀ títí di 2014. Àlejò ni ní 1996. Ní tiwa, ó gba Orílẹ̀-èdè Benin wọ Ògùn àti Èkó ní 1997, kò sì lọ mọ́. Ní 2020 ó ṣe ọṣẹ́ ńlá ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró. Onílé nìyẹn.

Wọ́n tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le wò. Èyí tó bá yè bọ́ ní àmì lára pé ó ti bá àrùn náà jà. Ṣùgbọ́n wọn a béèrè ibi tí a ti bí i. Bí ó bá jẹ́ pé Igbokoda ni a ti rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rí ibòmíràn ló ń jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, wọn a wá ibi tí àrùn ń fara pamọ́ sí. Wọ́n ti lé e kúrò ní Potogí kí ó tó tún yọ ní oko kan ní 1999. Inú eégbọn ilé ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ ló wà. Ní ilẹ̀ wa, ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jù: èyí tó ṣàìsàn tí a yára tà, àjẹkù oúnjẹ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, bàtà, ọkọ̀.

Orílẹ̀-èdè lè jẹ́ ilé àrùn kí abúlé kan nínú rẹ̀ sì mọ́, pàápàá abúlé ojú omi tó lè mọ gbogbo ọkọ̀ tó gbé ẹran wọlé. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta yẹn wà? Wọ́n ti jù wọ́n sódò. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí sì dùn wá gidigidi. Akọ̀wé ní kò sí ìwé. Báwo ni ìwé yóò ṣe wà nígbà tí odò ti gbé ẹ̀rí lọ?

A ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n dá owó yíyá náà dúró títí dókítà ẹran ìjọba yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó kù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau. Bí òmíràn bá kú kí ó tó dé, ẹ má jù ú sódò, ẹ má kùn ún tà. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.