BURKE: ORÚKỌ ÈNÌYÀN TÍ Ó DI Ọ̀RỌ̀-ÌṢE

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò máa bá ọ̀rọ̀-ìṣe kan pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe burke. Bí ìgbìmọ̀ bá rọra tẹ ọ̀ràn kan rì kí ó má baà dé etí gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè fi sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ibi tí ó ti wá.

William Burke jẹ́ alágbàṣe ará Ireland tí ń gbé ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ní ìgbà náà àwọn olùkọ́ ìṣègùn a máa la òkú fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí òfin yọ̀ǹda fún wọn kò tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1827, arúgbó kan kú ní ilé William Hare, ọ̀rẹ́ Burke, láìtíì san owó ilé. Àwọn méjèèjì gbé òkú náà lọ tà ní ilé ẹ̀kọ́ Dókítà Robert Knox. Wọ́n gba pọ́n-ùn 7 àti ṣílè 10. Láti ìgbà náà wọn kò dúró de ikú mọ́. Láàárín nǹkan bí ọdún kan wọ́n pa ènìyàn 16. Wọn a fún àlejò àti tálákà ní ọtí mu, wọn a sì dí wọn ní ẹnu àti imú títí ẹ̀mí yóò fi bọ́, kí àpá má baà hàn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1828, tọkọtaya kan tí ń jẹ́ Gray rí òkú obìnrin kan lábẹ́ koríko gbígbẹ ní ilé Burke. Obìnrin tí ń bá Burke gbé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ẹnu mọ́, ó sì ṣèlérí pọ́n-ùn 10 fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tálákà ni wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n kọ̀, wọ́n sì lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Hare jẹ́rìí ta ko ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. A so Burke kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1829, a sì la òkú tirẹ̀ náà fún ẹ̀kọ́; egungun rẹ̀ wà ní Yunifásítì Edinburgh títí di òní. Ní ọdún 1832 ìjọba ṣe òfin tí ó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn lè máa rí òkú gbà lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ní ọdún 1829 kan náà ni orúkọ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a sé ènìyàn ní èémí pa láìfi àpá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá ń lò ó fún ọ̀rọ̀ tí a pa bẹ́ẹ̀.

Òwe èdè yìí jinlẹ̀. Nínú ìpàdé ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́, a lè sọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jẹ́ kí á fi ti ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ná,” títí ẹjọ́ opó tàbí ti ọmọ òrukàn yóò fi kú, tí a kò ní rí àpá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí òtítọ́ sì ń fẹ́ kí ó tó lè bá a ni ẹni tí yóò kọ owó, bí ìdílé Gray ti kọ̀ ọ́.