Ilé Ni À Á Kọ́kọ́ Tún Ṣe: Àgbéyẹ̀wò Ìlò Ẹ̀rọ Amúlétutù ní Ilẹ̀ Olóoru

1.0 Ìfáàrà
Níbi tí ooru bá ti pọ̀ jù, olùkọ́ nìkan ni yóò máa dá sọ̀rọ̀. Ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ ń sá tọ̀, ṣùgbọ́n owó iná rẹ̀ kò kéré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC sọ owó iná àwọn oníbàárà Band A ní Nàìjíríà di náírà 225 fún yúníìtì kan. Ní iye yẹn, ẹ̀rọ tí ó ń fa kílówáàtì 1 fún wákàtí 6 lójúmọ́ yóò jẹ náírà 27,000 ní ogúnjọ́. Fáànù oníwáàtì 75 yóò jẹ náírà 2,025 péré.

2.0 Bí Ẹ̀rọ Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́
Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ṣe ni ó ń kó ooru inú yàrá dà síta. Nígbà tí Willis Carrier ṣe irú rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, Amẹ́ríkà, ní 1902, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ó ń ba bébà jẹ́ ni ó fẹ́ kápá. Títí di òní, apá kan iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ni ó fi ń sọ ọ̀rinrin di omi tí ó ń kán síta. Nítorí náà, bí fèrèsé lúfà kò bá pa dé, tí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ń wọlé láìdáwọ́ dúró, fífi ajere pọn omi ni.

3.0 Ipa tí Ilé Ń Kó
Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣàìmọ èyí. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn máa ń pẹ́ kí ó tó móoru. Òrùlé koríko kì í gba ooru wọlé bíi páànù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ṣíji bo ògiri. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, náà lo ògiri alihò kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá.

4.0 Àbá
(i) Kí a kan àjà sábẹ́ páànù, kí a sì dí gbogbo ojú ihò kí a tó gbé ẹ̀rọ sí yàrá.
(ii) Kí gbọọrọ ilé tuntun kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa lu ògiri gbọọrọ.
(iii) Kí a máa fọ asẹ́ ẹ̀rọ déédéé, nítorí eruku ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.
(iv) Kí a fi ẹ̀rọ sí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a sì tan fáànù mọ́ ọn. Fáànù kì í mú yàrá tutù, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ òógùn, ara sì ń tura.

5.0 Ìkádìí
Ìtura kò sí nínú bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. Ilé tí kò gba ooru wọlé ni ẹ̀rọ kékeré tó fún.