Ẹ̀kọ́ Àfetíkó: Ohun Tí Títì Ilé Ìwé Ń Mú Kúrò Láàárín Àwọn Ọmọ Kíláàsì Kan

Àṣẹ tí ìjọba àpapọ̀ pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, pé kí àwọn ilé ìwé gírámà rẹ̀ tí ó lé ní 40 tì nítorí àwọn ajínigbé, àti irú rẹ̀ tí ìjọba Kwárà pa fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, kò lè ṣe àjèjì létí àwọn ará Èkìtì. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọ̀nyẹn, níbi tí ìlú Erúkú wà, ń jẹ́ Èkìtì bíi tiwọn, Ẹ̀mùré-Èkìtì kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ ilé ìwé kan lọ́nà tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọgbó. Ìbéèrè tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ máa ń bí ni bóyá kíláàsì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí rédíò, tẹlifíṣàn àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé yóò ṣeé ṣe bí iná bá wà tí dátà kò sì wọ́n. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ti gbà láìwádìí pé ohun tí ó wà nínú kíláàsì kò ju olùkọ́ àti ìwé tí ó mú lọ́wọ́ lọ.

Èkìtì ti dán an wò rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, àwọn ilé ìwé tì nítorí àrùn kòrónà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ lórí rédíò àti tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ náà. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó-Èkìtì, tí ó jẹ́ ti aládàáni, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ ní tirẹ̀, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tí kò sì parí títí di oṣù Kejìlá, kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba rí irú èyí rò. Ìdí tí ó fi jẹ́ rédíò ni a gbójú lé fún àwọn ọmọdé kò fara sin: ìṣirò tí UNICEF gbé jáde ní ọdún náà fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 3 sí 17 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, 95 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé.

Ohun tí ó yẹ kí a wò dáadáa ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn. Rédíò jẹ́ ẹnu kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún etí ń gbọ́. Okùn kọ̀ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó so ọmọ kan mọ́ èkejì. Nínú kíláàsì, okùn ti èkejì yìí ló pọ̀ jù. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí a lè pè ní ẹ̀kọ́ àfetíkó fi ń ṣiṣẹ́, èyíinì ni ìmọ̀ tí ọmọ ń fi etí kó nínú ọ̀rọ̀ tí a kò bá òun sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ ní kí ọmọ kan ro ìdá kan nínú méjì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ọmọ náà ro òkè pọ̀, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀, ó sì ní ìdá méjì nínú márùn-ún ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn láti ẹ̀yìn ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdá méjì nínú márùn-ún kò tó ààbọ̀, ta ni yóò sì fi nǹkan kún ààbọ̀ tí yóò wá dín? Kí olùkọ́ tó kọ ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà sójú pátákó, ogójì ọmọ ti gbọ́ àṣìṣe náà, wọ́n ti mọ ibi tí ó ti wá, àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gan-an sì ti bọ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lórí rédíò, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà nìkan ni yóò dé etí wọn. Ìdáhùn náà pé, àṣìṣe tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó rẹlẹ̀ ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ orí bẹ́ńṣì. Olùkọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, ẹni tí ó jókòó ti ọmọ náà sì ń fi èdè Èkìtì tú u fún un lábẹ́ ohùn, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni olùkọ́ mọ̀ pé òun ní igbákejì. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nípa fífi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn tipẹ́ pé ìtumọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, oṣù Kọkànlá 2025 kan náà tí àwọn ilé ìwé ń tì ni Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tí ó fi èdè abínibí sípò àkọ́kọ́. Bí kò bá sí èdè náà lẹ́nu olùkọ́, ẹni orí bẹ́ńṣì ni ó kù. Bí ilé ìwé bá sì tì, òun náà lọ.

Àwọn tí wọ́n dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ní ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́kàn, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ti mú àwọn ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ lọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà láti ran olùkọ́ tí ó wà níwájú kíláàsì lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ jọ wò ó, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà sí 2020, ẹ̀rọ ló dára sí i, àpéjọ ni ó tú ká.

A lè sọ pé WhatsApp dá àpéjọ náà padà, nítorí pé gbogbo ọmọ lè kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n fóònù ìyá tàbí ti bàbá ló sábà máa ń jẹ́, ohun tí a bá sì kọ síbẹ̀ kì í lọ. Àṣìṣe tí a fi ẹnu sọ nínú kíláàsì yóò fò lọ kí aago tó lù, ti orí fóònù yóò wà níbẹ̀ títí òbí àwọn ẹlòmíràn yóò fi kà á, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí àwọn tí ó dá lójú bá ń kọ̀wé, tí àwọn tí ó rú lójú sì dákẹ́.

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù nípa ohun tí títì ilé ìwé ń mú lọ ti wá. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2005 ní Pakistan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni àwọn ilé ìwé fi tì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tí wọ́n wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti ya fi nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jìnnà síbẹ̀. Àdánù náà ju àkókò tí wọ́n pàdánù lọ, àfi fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò sí nǹkan kan tí ó ṣe wọ́n. Àlàyé kan tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé nígbà tí kíláàsì padà, olùkọ́ ń lọ níwájú, àwọn tí ó ti ṣubú sì ń jìnnà sí i. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyá bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ẹni orí bẹ́ńṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì ìdánwò kò lè sọ èyí fúnni.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ pé àpéjọ ni a ń pàdánù, àwòkọ ọdún 2020 lè má bá ti ìsinsìnyí mu. Inú àpéjọ ni kòrónà ti ń ràn; ajínigbé ń lúgọ sí ojú ọ̀nà àti ilé ìwé tí ó dá wà létí igbó. Àwọn ọmọ ilé ìwé ojoojúmọ́ ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n jọ ń gbé ní Ajílósùn tàbí Básírì, lè pé mẹ́fà-mẹ́jọ yí rédíò kan ká ní àgbàlá tí àwọn òbí ń ṣọ́, kí wọ́n sì bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a mọ̀ọ́mọ̀ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ọmọ Adó àti ọmọ Ṣókótó tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan yóò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé ní ọjọ́ kan náà, ohun tí ó sì kù láàárín wọn ni nọ́ńbà fóònù òbí, bí wọ́n bá rántí kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.