Ta Ló Ń Tọpinpin Owó Ọlọ́pàá ní Èkìtì?

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé iṣẹ́ méjì lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́: wọ́n ń ṣe òfin, wọ́n sì ń tọpinpin owó tí wọ́n bá fọwọ́ sí pé kí ìjọba ná. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn ará ìlú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, òun sì ni ó yẹ kí àwọn tó ń gbé ní Ìlogbò-Èkìtì, ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ̀ àti ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ̀ dunjú, nítorí pé owó tí wọ́n ń ná sórí ètò ààbò ní agbègbè wọn ń gba ojú ọ̀nà púpọ̀ wá, kò sì sí ilé aṣòfin kan tí ojú rẹ̀ tó gbogbo rẹ̀.

Abala 214 ìwé òfin náà sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì wà lára àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àwọn ènìyàn ti mọ gómìnà sí olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, abala 215 sì gbà á láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, àmọ́ abala kan náà fún kọmíṣọ́nnà yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ ná, kí òun tó ṣe é. Owó iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wà nínú ètò ìṣúná, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ náwó lé lórí lọ́dún kan, èyí tí Ààrẹ ń gbé lọ síwájú ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, níbi tí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó wọn lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ará Ìlogbò tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá fi kú síbẹ̀ láìsí àtúnṣe, ọ̀dọ̀ sẹ́nétọ̀ Àríwá Èkìtì tàbí aṣojú-ṣòfin Ìdó/Òsì, Mọ̀bà àti Ìlejemèjè ni ó ti lè béèrè. Ará Ìjerò, Àrámọ̀kọ̀ àti Ẹ̀fọ̀n yóò kọjú sí sẹ́nétọ̀ Àárín Gbùngbùn Èkìtì.

Owó oṣù ló ń kó apá tó pọ̀ jù nínú owó tí Àbújá yà sọ́tọ̀ fún ọlọ́pàá. Èyí tó bá kù fún epo ọkọ̀, ìwé, títúnṣe ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ti máa ń tín-ín-rín kí ó tó dé àgọ́ tó wà ní ìlú kékeré, ibẹ̀ sì ni àìsí àbójútó ti ń kan mẹ̀kúnnù lára. Ẹni tí wọ́n jí ọ̀kadà rẹ̀ gbé yóò lọ fẹjọ́ sùn, wọn yóò ní kí ó mú owó epo wá kí wọ́n tó lè tẹ̀lé olè náà, nígbà mìíràn òun náà ni yóò ra ìwé tí wọn yóò fi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ àkọlé yẹn gan-an sì ni ẹbí ẹni tí wọ́n mú yóò ti máa ka owó sílẹ̀. Ìwà ìbàjẹ́ ni, kò sí àwíjàre kankan fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ó dópin gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí owó epo àti owó ìwé wọlé sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí pé owó Àbújá kò tó, àwọn mìíràn ti di alátìlẹ́yìn ọlọ́pàá. Ọdún 2019 ni òfin kan dá àkànṣe àpò owó sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, tí wọ́n ní kí wọ́n máa yọ ìdajì nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọ àpò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè sí i, pẹ̀lú ìdá bíńtín nínú èrè àwọn iléeṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ra ọkọ̀ fún wọn, ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣèrànwọ́, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun náà kò sì gbẹ́yìn.

Níbi ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń rà yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì, tí ọmọ ilé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ gbà pé níwọ̀n bí ọlọ́pàá ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹnu aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ká a. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òfin wí. Abala 128 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣèwádìí ìwà àti ìṣe ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ èyíkéyìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ná owó tí ilé náà fọwọ́ sí, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìkájú-ìwọ̀n àti ìfiṣòfò. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kò ju kí wọ́n fẹnu kò lórí rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ìpinnu náà jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí nínú ìwé ìkéde ìjọba. Abala 129 tún jẹ́ kí wọ́n lè pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì ní kí ó mú ìwé wá. Bí Èkìtì bá fi owó ìpínlẹ̀ ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tí wọ́n sì kó o fún ọlọ́pàá láti máa fi ṣọ́ ọ̀nà Àrámọ̀kọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n, ilé náà kò lè sọ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó rà á iye tí wọ́n rà á, ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àgọ́ tí wọ́n gbé e fún àti bóyá ó ṣì ń rìn lẹ́yìn ọdún kan. Abala 125 pẹ̀lú sọ ọ́ di dandan pé kí àgbà ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ síwájú ilé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé ìṣirò owó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Owó kan wà tí ìbéèrè báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: owó ààbò tó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà, èyí tí wọ́n máa ń ná láìsọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òfin. Ní ọdún 2018, àjọ Transparency International fojú bù ú pé irú owó yìí kárí Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ lọ́dún. Lóòótọ́ ni pé a kì í sọ ibi tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà ní gbangba, àmọ́ ilé aṣòfin lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí wọ́n gbọ́ àlàyé, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ìbéèrè owó yìí kì í ṣe eré ní Èkìtì. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n yìnbọn lu ọba Ewu-Èkìtì lójú ọ̀nà Ayétòrò, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n jí ọba Ilémèsọ̀ gbé láàfin. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, ti Ìmòjò àti ti Èsùn, lójú ọ̀nà, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀múrè. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2020, Èkìtì sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Ti Èkìtì pátápátá ni Àmọ̀tẹ́kùn: owó oṣù wọn, aṣọ wọn, ọkọ̀ wọn àti ìyà tó yẹ ẹni tó bá ṣi agbára lò láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà níkàáwọ́ ilé aṣòfin tó wà ní Adó.

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ náà kò yàtọ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, tó rọ́pò èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ láti ọdún 1943, sọ pé kí ọ̀gá àgọ́ máa jábọ̀ lóṣooṣù fún májísíréètì tó sún mọ́ ọn nípa gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìgba ìwé àṣẹ, kí àgbà májísíréètì sì máa lọ wo àgọ́ fúnra rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ilé aṣòfin Èkìtì lórí ètò ìdájọ́ lè bi kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ léèrè nígbà tí ó bá wá gbèjà ètò ìṣúná rẹ̀: àgọ́ mélòó ló jábọ̀ lọ́dún tó kọjá, májísíréètì mélòó ló rí ọkọ̀ lọ? Ìbéèrè yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì lè tú ẹni tó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin àti kóòtù fúnra wọn ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ gómìnà tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù fi ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ pa jákèjádò orílẹ̀-èdè láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí àwọn tí wọ́n mú kò sì rí kóòtù tí wọn yóò kó wọn lọ.

Àwọn àgbàlagbà tó bá rántí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mọ bí àwọn olóṣèlú ṣe sọ wọ́n di ohun ìjà láti fi halẹ̀ mọ́ alátakò, kí àwọn ológun tó kásẹ̀ wọn nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1966. Ẹ̀rù yẹn ló tún jí nígbà tí àbá òfin láti dá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ la ìkàwé kejì kọjá ní ilé aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2024. Irú àtúnṣe báyìí kò lè di òfin láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ó kéré tán, fọwọ́ sí i. Ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ìlú náà lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá máa ń pe àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó ní gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè gbọ́ ohun tí wọ́n bi wọ́n. Kò sí ohun tó ní kí ilé aṣòfin Èkìtì dúró de Àbújá kí ó tó ṣe irú rẹ̀: owó Àmọ̀tẹ́kùn ti wà lábẹ́ ọwọ́ wọn láti ọdún 2020, bí wọ́n bá sì pe ìjókòó ìta gbangba lórí rẹ̀ ní Ìdó, ní Ìjerò àti ní Àrámọ̀kọ̀ kí ètò ìṣúná tó ń bọ̀ tó di òfin, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ yóò lè sọ fún wọn bóyá wọ́n ń rí ẹ̀ṣọ́ náà lójú ọ̀nà oko.