Eré Àwòrán Tí Àwọn Àgbà Kẹ́gàn Sọ Ọ̀pọ̀ Ọmọ Di Òǹkàwé

Ní oṣù Keje lọ́dọọdún, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti àárín ìlú Páríìsì lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Charles-de-Gaulle máa ń kún fún èrò tí ìmúra wọn ṣàjèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè de irun aláwọ̀ ewé mọ́rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lè wọ ẹ̀wù jagunjagun tí ó fi páálí ṣe. Ẹlòmíràn a gbé idà ńlá kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n kò sí irin nínú idà náà. Gbogbo wọn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Parc des Expositions, ní ìlú Villepinte. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ tí à ń pè ní Japan Expo.

Kí ni wọ́n ń wá lọ? Wọ́n ń lọ bá àwọn mìíràn tí wọ́n jọ fẹ́ràn anime. Anime ni orúkọ eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì. Yíyà ni wọ́n ń ya àwọn ènìyàn inú eré náà, kí àwòrán wọn tó máa rìn, kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí ni ó ti inú ìwé ìtàn aláwòrán jáde. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní manga.

Bí ìfẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1978, tẹlifíṣọ̀n Antenne 2 ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kan hàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Goldorak. Ènìyàn onírin gìrìwò kan ni Goldorak. Ó ń gbèjà ayé lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá tí ó ti ojú ọ̀run wá. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Láti ọdún 1987 títí di 1997, ètò Club Dorothée lórí tẹlifíṣọ̀n TF1 fi ọ̀pọ̀ eré Jàpáànì mìíràn hàn wọ́n. Dragon Ball wà lára wọn, ìtàn ọmọkùnrin kan tí ó ní ìrù, tí agbára rẹ̀ sì ju ti àgbà lọ.

Inú gbogbo àgbà kọ́ ni ó dùn sí i. Àwọn kan ní eré náà kún fún ìjà. Àwọn mìíràn ní yóò ba ọmọ jẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ó ka ìwé. Ní ọdún 1989, Ségolène Royal, tí ó jẹ́ aṣòfin nígbà náà, kọ odidi ìwé kan láti fi bẹnu àtẹ́ lu ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi han ọmọdé. Eré Jàpáànì wà lára ohun tí ó bá wí. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, nítorí pé wọ́n fi àwọn eré kan tí kò yẹ fún ojú ọmọdé hàn ní wákàtí àwọn ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn tí ń bínú kò retí. Ọmọ tí ó ti wo eré fẹ́ mọ bí ìtàn náà yóò ti parí. Inú ìwé ni òpin ìtàn wà. Ilé ìtẹ̀wé Glénat bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ manga Akira ní èdè Faransé ní ọdún 1990. Nígbà tí ó di 1993, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Dragon Ball. Ìwé náà pọ̀ ní apá: apá 42 ni. Ẹni tí ó bá ka apá kìíní a máa wá èkejì kiri. Lónìí, ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra manga jù lọ lẹ́yìn Jàpáànì fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ náà fún àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 ní 300 euro, tí ó súnmọ́ 197,000 fráǹkì CFA. Ìwé, sinimá, orin àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè ná an sí. Manga ni ọ̀pọ̀ wọn sáré lọ rà, débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ manga pe owó náà.

Láàárín ọ̀rẹ́

Àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ ni ó dá Japan Expo sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2000. Inú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Páríìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ péjọ. Lẹ́yìn náà, iye àwọn tí ń wọlé lọ́dún kan ju 200,000 lọ. Àrùn kòrónà dá a dúró ní ọdún 2020 àti 2021, ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2022.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dá nìkan lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ a dá owó jọ, wọn a gba yàrá kan pọ̀, wọn a sì gbé oúnjẹ dání kí owó ọwọ́ wọn lè tó ra ìwé. Ẹni tí ó mọ aṣọ rán a rán ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Aṣọ wọ̀nyí, tí a fi ń fara wé ẹni inú ìtàn, ni wọ́n ń pè ní cosplay. Òmíràn a máa gba oṣù púpọ̀ kí ó tó parí.

Ará Kétu tí ó ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí yóò mọ ayọ̀ tí ó wà nínú ìmúra àti nínú ìran wíwò. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pa méjèèjì pọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní orin àti ètùtù tirẹ̀, ó sì ń bọlá fún àwọn ìyá wa. Eré ìgbafẹ́ ni cosplay.

Àpéjọ náà ní òfin. Wọ́n ń yẹ ohun ìjà wò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ohun ìjà gidi kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò oníṣọ̀nà aṣọ yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí òǹkọ̀wé lè fọwọ́ sí ìwé wọn. Lórí àwọn tábìlì kéékèèké, àwọn ọ̀dọ́ ń ta ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ, tí wọ́n yà, tí wọ́n sì tẹ̀. Òǹkàwé àná ti di òǹkọ̀wé.

Àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀

Láti apá ọ̀tún sí òsì ni a ń ka manga, bí àwọn ará Jàpáànì ti ń kà á. Ẹni tí ó bá ṣí i bí ìwé Faransé yóò bá òpin ìtàn pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé a máa kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ìwé mọ̀. Àmì ìkọ̀wé Jàpáànì pọ̀ púpọ̀. Nínú ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ yóò kọ́ 1,026 nínú àwọn tí ó le. Kí ọmọ tí kò tíì mọ̀ wọ́n tán má baà dúró lójú ọ̀nà, àwọn tí ń tẹ manga fún ọ̀dọ́ ń fi lẹ́tà kéékèèké tí ó rọrùn sí ẹ̀gbẹ́ àmì tí ó le. Lẹ́tà náà ń sọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé wọ́n ń wo lẹ́tà kékeré. Bí wọ́n ti ń kà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mọ èyí tí ó le.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àgbàlagbà tí ó ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń tijú láti mú ìwé aláwòrán lọ́wọ́ níwájú ọmọ rẹ̀, kò ní ohun ìtìjú kankan. Àwòrán a máa ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò kúrò nídìí eré àwòrán náà lè kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ó wò bóyá eré náà yẹ fún ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ó bá yẹ, kí ó bi ọmọ náà bóyá ìtàn yẹn wà nínú ìwé. Bí ó bá wà, kí àwọn méjèèjì jọ wá a, kí wọ́n sì jọ kà á.