Páàtì Ọkọ̀ Tí A Rà Tí Ó Tún Bàjẹ́: Ta Ni Yóò San Án?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ wáráńtì, pàápàá jù lọ wáráńtì orí páàtì tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ lára ọkọ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan ìyá eléèlùbọ́ nínú ọ̀rọ̀ páàtì ọkọ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Iṣu, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, òrí àti káṣú tó ń jáde láti Òfíkì kì í fi ẹsẹ̀ rìn dé Ṣakí, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wí Ìṣẹ́yìn àti Ìbàdàn. Àwọn kan nínú wa ní ọkọ̀ akérò tàbí ọkọ̀ ẹrù tiwọn, àwọn mìíràn gbé máṣíìnì fún ọmọ láti máa fi ṣiṣẹ́, òmíràn ní ẹ̀rọ ìlọta. Bí gíàbọ́ọ̀sì bá takú lójú ọ̀nà tí iṣu sì wà lórí ọkọ̀, owó ọjà la fi ń ra òmíràn. Bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bá tún wá takú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní wáráńtì? Ìlérí ni. Ẹni tó ṣe ọjà tàbí ẹni tó tà á ló ṣèlérí pé bí ọjà náà bá bàjẹ́ láàárín àkókò báyìí-báyìí, tí kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹni tó rà á ló bà á jẹ́, òun yóò tún un ṣe, tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí òun dá owó padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìlérí kan ṣoṣo ló wà lórí ọkọ̀ kan. Ti ẹni tó ta ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, ti ẹni tó ta páàtì wà lọ́tọ̀, ti mẹkáníìkì tó dè é mọ́ ọkọ̀ náà wà lọ́tọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kálukú a máa nawọ́ sí ẹnì kejì, ìwọ tí o sanwó ni yóò wà láàárín bí ọmọ òrukàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọkọ̀ tuntun. Bí èèyàn bá ra ọkọ̀ tàbí máṣíìnì tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, wọn a fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí ọ̀pọ̀ máa ń jù sẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀. Ìwé yẹn ni wáráńtì. Ọdún àti kìlómítà ni wọ́n jọ máa ń kọ sínú rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló parí rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000. Bí awakọ̀ yín bá sá kìlómítà 100,000 yẹn tán láàárín ọdún kan àbọ̀, ó ti tán nìyẹn, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọdún mọ́. Àwọn nǹkan tó máa ń jẹ tán fúnra wọn, bíi páàdì bíréékì, àwo kílọ́ọ̀ṣì, gílóòbù iná, wọn kì í sábà sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ìjà ti pọ̀ jù wá rèé. Ká ní oṣù 36 ni wáráńtì ọkọ̀ yín. Ní oṣù kẹrìnlélọ́gbọ̀n, alternator bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ sì fún yín ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dúpẹ́, ẹ lọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tuntun náà tún kú. Ẹ gbé e padà, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀yin ń sọ pé kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ẹ gbé e fún wa, àwọn náà ń sọ pé wáráńtì ọkọ̀ ti parí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wáráńtì, òótọ́ ni wọ́n sọ. Páàtì tí wọ́n bá fi rọ́pò lọ́fẹ̀ẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ orí tirẹ̀, ìyókù ọjọ́ ti ọkọ̀ ni yóò jẹ. Oṣù méjì péré ni alternator yẹn ní. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó yín lẹ fi ra páàtì náà ní ilé-iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Irú èyí sábà máa ń ní wáráńtì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ lágbàáyé a sì máa fún un ní oṣù 12. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó bi wọ́n lójú ẹsẹ̀ ni pé, “Ṣé ọjọ́ páàtì yìí dá dúró, àbí ìyókù ti ọkọ̀ ló ń jẹ?” Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sórí rísíìtì. Ẹ tún béèrè owó iṣẹ́ pẹ̀lú. Bí àwọn fúnra wọn bá dè é, wọ́n sábà máa ń fi owó iṣẹ́ mọ́ ọn bó bá tún bàjẹ́. Bí ẹ bá rà á kí mẹkáníìkì tiyín lọ dè é, páàtì nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀, owó títú àti dídè di tiyín.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé torí pé ẹ ti gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì títì, gbogbo wáráńtì ti bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣòfin lórí èyí láti ọdún 1975: ilé-iṣẹ́ kò lè fi dandan mú èèyàn pé páàtì tó ní orúkọ àwọn nìkan ni kó máa lò kí wáráńtì má baà parí, àfi bí wọ́n bá ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tiwa náà, ní abala 119, kò fẹ́ kí wọ́n fi ọjà kan de oníbàárà mọ́ òmíràn, àyàfi bí wọ́n bá lè fi àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún oníbàárà hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe ìgbéraga o. Bí mẹkáníìkì yín bá da ọ́ìlì tí kò yẹ sínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì sì kú nítorí ẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ san án.

Ọ̀pọ̀ wa kò tiẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun rí. Tòkunbọ̀ la ń rà, páàtì rẹ̀ náà tòkunbọ̀ ni, láti Àràrómì ní Agodi Gate n’Íbàdàn tàbí láti Ladipo ní Mushin l’Ékòó. Ìlérí ẹnu ló wà níbẹ̀: “Ẹ lọ dè é, bí kò bá ṣiṣẹ́ ẹ gbé e padà.” Wọn a fi ọ̀dà sàmì sí i kí wọ́n lè dá a mọ̀. Mi ò bú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa mú ìlérí ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni “gbé e padà” yẹn jẹ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá sì jẹ́ páàtì iná, ọ̀pọ̀ a ní àwọn kì í gbà á padà rárá.

Ọkọ̀ kan wà tó máa ń bá wa kó èlùbọ́. Wọ́n ra alternator fún un ní Ìbàdàn, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi fún bátìrì níná mọ́. Réwáyà tó wà nítòsí tú u palẹ̀ lójú títì, ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì, ó rí i pé wọ́n ti tú u, ó ní òun kò gbà. Bóyá páàtì ni kò dára, bóyá réwáyà ló bà á jẹ́, kò sí ẹ̀dá tó lè mọ̀ mọ́. Owó náà wọlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú inú páàtì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kí ẹni tó tà á tó fojú rí i. Kí wọ́n yọ ọ́ lódidi, kí ẹ tọ́jú páálí rẹ̀, kí mẹkáníìkì kọ ohun tó ṣàkíyèsí àti ọjọ́ tó ṣàkíyèsí rẹ̀ sórí bébà. Ìlà méjì tó.

Òfin wá ń kọ́? Ní 1992 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀, ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin mìíràn ti rọ́pò ìyẹn báyìí, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019. Òun ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 131 ní ọjà gbọ́dọ̀ dára fún iṣẹ́ tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe, kó sì lò fún ìwọ̀n àkókò tó yẹ, yálà ẹnikẹ́ni dárúkọ wáráńtì tàbí kò dá a. Abala 117 ní ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó kó tòkunbọ̀ sínú páálí tuntun ti rú òfin. Abala 118 ní ó gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé ọjà tó rà. Abala 122 ló dùn mọ́ mi jù: bí ẹ bá sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ẹ sì rí i láàárín àkókò tó yẹ pé kò lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹ lè dá a padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Torí náà, ẹ má gba rísíìtì tí wọ́n kọ “gíàbọ́ọ̀sì 1” sí. Kí wọ́n kọ irú ọkọ̀, ọdún rẹ̀, bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, àti nọ́ńbà ara páàtì bó bá ní.

Èyí tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rísíìtì pé kò sí dídá owó padà lẹ́yìn tí a bá ti sanwó, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Abala 129 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé ẹ lè dá ọjà padà torí pé ọkàn yín yí padà o.

Àwa náà ń tajà, ẹ rántí. Ẹni tó ń ta páàtì máṣíìnì tàbí okùn ẹ̀rọ ìlọta nínú wa, òfin yìí kan náà ló dè é. Ẹ kọ rísíìtì, ẹ sàmì sí ọjà yín, kí ẹ sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ fi lè gbà á padà. Ó ń gba ẹni tó ń tajà náà lọ́wọ́ oníbàárà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó páàtì tó wá ń pariwo.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú rísíìtì àti páàtì lódidi. Bí kò bá gbọ́, ẹ béèrè àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wọn nínú ọjà náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé lè lọ sí FCCPC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà l’Ábújà. Abala 146 sì jẹ́ kí èèyàn lè lọ sí kóòtù tààrà. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ o, nítorí páàtì mìíràn kò tó owó tí èèyàn máa ná dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì. Irú ìyẹn, ẹ fi rán awakọ̀ tó ń lọ, kí ẹ fi ẹ̀dà rísíìtì lé e lọ́wọ́, kí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá ní ìwé wáráńtì tàbí rísíìtì tí kò yé e nílé, kó mú un bọ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó jọ kà á.