Irin Méjì Nínú Omi Iyọ̀: Bí A Ṣe Ń Tún Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní òkè òkun, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àwo kékeré kan tí ó wà lórí tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Olùkọ́ wa bu ásíìdì tí a ti fi omi là sínú rẹ̀, ó ki pẹlẹbẹ síńkì bọ̀ ọ́ lápá kan àti pẹlẹbẹ bàbà lápá kejì, ó fi wáyà so méjèèjì mọ́ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, iná sì tàn bàìbàì. A pàtẹ́wọ́. A kọ ọ́ sínú ìwé, a há a sórí nítorí ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí èmi kò fiyè sí lọ́jọ́ náà ni pé síńkì ń tán lọ. Iná tí a ń pàtẹ́wọ́ fún, ara síńkì ni ó fi ń jó. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà kí n tó san owó ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ń dáṣẹ́ ṣe nínú ọgbà kan tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, létí odò Hamble nítòsí Southampton, ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń sọ. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n, ẹlẹ́ńjìnnì, tí ó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni a kàn láàárín 1970 sí 1990. Fáíbà ni a fi mọ ara wọn, kì í sì í jẹrà bí igi. Ṣùgbọ́n iwájú ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí, férémù alumíníọ̀mù ni ó di gíláàsì mú, sukúrù irin aláìdípẹtà ni ó sì de férémù náà mọ́ ọkọ̀. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, irin aláìdípẹtà lágbára. Kò sí èyí tí ó burú nínú àwọn méjèèjì bí ó bá dá wà.

Bàbá kan tí aya rẹ̀ ti ṣaláìsí gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ọ̀dà ara férémù náà ti wú ní róbótó-róbótó, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun sì ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ àwọn sukúrù. Mo fi sáńpépà ha á, mo fi ohun ìdíhò dí gbogbo ihò tí mo rí, mo kun ún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dán. Bàbá sanwó, ó sì dúpẹ́. Kí ìgbà òtútù kejì tó parí, ó tẹ̀ mí láago. Ọ̀dà náà ti tún wú. Gíláàsì kan ti là láti igun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ lókùúta. Omi ń jò wọlé sára igi abẹ́ rẹ̀, ó sì ti dé ibi tí àwọn wáyà ẹ̀yìn ìtọ́kọ̀ wà. Kò bá mi jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: ṣé òun lè fi gíláàsì yìí la òkun já sí ilẹ̀ Faransé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí òun àti ìyàwó òun ti máa ń ṣe? Ìgbì tí ó bá lu iwájú ọkọ̀ lójú òkun kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Bí férémù tí ó ti jẹ bá já, gíláàsì àti omi yóò jùmọ̀ wọlé bá atukọ̀. N kò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Alumíníọ̀mù ní aṣọ tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí, awọ tín-ín-rín kan á bò ó, awọ yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ wa dípẹtà. Iyọ̀ òkun a máa ya aṣọ náà. Bí irin mìíràn bá sì fara kàn án nínú omi iyọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi náà kò ju èyí tí ó sápamọ́ sábẹ́ orí sukúrù lọ, àwo yàrá sáyẹ́ǹsì wa ni ó tún dé yẹn. Alumíníọ̀mù ni síńkì, irin aláìdípẹtà ni bàbà. Èyí tí ó rọ̀ jù ní ìwà ni yóò máa tán lọ fún èkejì. Ìyẹ̀fun funfun tí mo hà dànù, ara férémù náà gan-an ni. Èyí tí ó wá burú jù ni pé ìyẹ̀fun náà ń gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Nítorí náà ni ó fi ń ti ọ̀dà sókè, tí ó ń fún sukúrù lọ́rùn tí kò fi lè tú mọ́, tí ó sì ń tẹ etí gíláàsì títí yóò fi là.

Ẹni tí ó bá kọ́lé sí Lekki tàbí Àgbádárìgì, tí ó rí i pé fèrèsé alumíníọ̀mù òun ń hu ẹfun ní ìdí ìṣó, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Afẹ́fẹ́ òkun gbé iyọ̀ débẹ̀.

Àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jìyà rẹ̀ kí a tó mọ alumíníọ̀mù rárá. Ní 1761 ni wọ́n fi pẹlẹbẹ bàbà bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun kan tí ń jẹ́ Alarm, kí kòkòrò òkun tí ń lu igi má baà rí i jẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú àwọn ìṣó irin tí wọ́n fi kan bàbà náà tán. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣì le. Wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n sì rí i pé bébà tí a fi wé bàbà náà nígbà tí a kó o wá ni ó há sábẹ́ orí àwọn ìṣó wọ̀nyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kò yọ ọ́ kúrò. Ìmẹ́lẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó gba àwọn ìṣó náà là. Ní gbogbo ohun tí mo ti kà nípa iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí ó wúlò fún mi tó bébà yẹn.

Bàbá náà ní òun kò gbà, nítorí pé ọdọọdún ni òun ń pààrọ̀ síńkì tí a so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ òun. Òótọ́ ni pé Humphry Davy ti fi hàn ní 1824 pé bí a bá so síńkì tàbí irin mọ́ bàbà abẹ́ ọkọ̀, òun ni òkun yóò máa jẹ, bàbà yóò sì yọ. Ṣùgbọ́n inú omi kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Síńkì tí ó wà nísàlẹ̀ nínú odò kò lè gba férémù tí ìgbì kàn ń ta sí lókè.

Nítorí náà, a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. A ya fọ́tò rẹ̀, a sì fi nọ́ńbà sí igun kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ́ńsùlù ni a fi kọ ọ́: dúdú inú pẹ́ńsùlù pàápàá a máa jẹ alumíníọ̀mù bí irin mìíràn ṣe ń jẹ ẹ́, ìdí sì nìyí tí a fi ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Sukúrù ni ó gba àkókò jù. Mo ń kán epo sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n jẹ́jẹ́, mo sì ń fi atẹ́gùn gbígbóná sí ìdí wọn láìjẹ́ kí ó kan gíláàsì, nítorí pé ooru a máa mú alumíníọ̀mù fẹ̀ ju irin náà lọ. Bí ẹ bá fi agbára fà á, yóò kán, ihò náà yóò sì bàjẹ́. Síbẹ̀, mọ́kàndínlógún nínú wọn kọ̀ jálẹ̀. Mo ní láti fi ẹ̀rọ ìluhò jẹ orí wọn kúrò.

Nígbà tí férémù bọ́ sílẹ̀ ni mo tó rí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn tí ó kàn án lu àwọn ihò wẹ́wẹ́ sí, kí omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Èmi rò pé àrùn náà ni ó lu wọ́n. Mo ti dí wọn pa, mo sì kùn wọ́n lọ́dà. Fún ọdún kan àtààbọ̀ ni omi iyọ̀ fi dúró sínú férémù náà bí omi inú àwo.

Ní ti ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe lo kọ́sítíìkì, nítorí pé yóò jẹ alumíníọ̀mù pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ẹ má sì ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á. Èérún irin yóò há sí i lára, wàhálà mìíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Sáńpépà àti sùúrù ni, títí tí ẹfun kankan kò fi ní kù nínú kòtò kankan, lẹ́yìn náà omi tí kò níyọ̀, lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibi tí ó ti jẹ dé ìdajì, jórin-jórin gé e kúrò, ó sì jó òmíràn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan náà tí a bá ha á tán ni kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ ti gorí rẹ̀, kí awọ àkọ́kọ́ yẹn tó nípọn, kí a sì kun inú ihò sukúrù pẹ̀lú, ibi tí ojú kò tó.

Gíláàsì tí ó là kò ṣeé lẹ̀. Èyí tí a ti fi iná mú le kò sì ṣeé gé lẹ́yìn tí ó bá ti le, nítorí náà mo fi pákó fẹ́lẹ́ ṣe àwòṣe rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é. Mo dín in kù níwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ yíká, kí etí rẹ̀ má kan irin níbikíbi.

Nígbà tí a ń tò ó padà, sukúrù tuntun ni a lò, irin aláìdípẹtà náà ni, nítorí pé kò sí èyí tí ó lágbára tó o tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n a fi wọ́ṣà ọ̀rá sábẹ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi ìpara tí à ń pè ní Duralac pa ara rẹ̀ kí ó tó wọlé. Májèlé wà nínú ìpara náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́ṣà àti ìpara yìí ni bébà ọkọ̀ Alarm. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi sílíkónì dí etí férémù, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀: èyí tí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ásíìdì wà nínú rẹ̀, irin ni yóò sì jẹ. A ń ta èyí tí kò rùn bẹ́ẹ̀. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ àwọn ihò ìsàlẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni mo fi rọ́bà omi rọ òjò sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí bàbá jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Owó gíláàsì àti ọ̀dà nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ṣe é kò sí nínú ìwé owó. Ní oṣù Kẹfà ó la òkun já sí Cherbourg, ìgbì sì ń fọ́ lu iwájú ọkọ̀ láti ìdajì ọ̀nà. Ó tẹ̀ mí láago láti èbúté ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé ìwé ìròyìn tí òun tẹ́ sábẹ́ férémù kí òun tó gbéra kò tutù.